Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Wọ́n Kà Sí Ẹ̀bi

Ọmọ àbúrò mi ló bi mí léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, iṣẹ́ akọ̀wé lọ́yà tí ẹ ṣe títí ẹ fi fẹ̀yìntì yìí, ṣé iṣẹ́ gidi ni?" Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iṣẹ́ tó máa kọ́ ló ń wá. Torí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò tíì mọ ibi tí wọ́n máa yà sí ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Iṣẹ́ gidi ni, ọmọ mi. Òun ni mo fi tọ́ ọmọ, òun ni mo fi mọ èèyàn, òun náà ló sì sọ mí di ẹni tí kò lè ríran láìlo awò.

Agége ni wọ́n bí mi sí. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n agbára bàbá mi kò gbé e. Ó mọ ẹnì kan tó mọ lọ́yà kan tó ń wá ẹni tó lè tẹ̀wé, bí mo ṣe dé ọ́fíìsì Lọ́yà Adégòkè nìyẹn, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní àdúgbò tó yà kúrò ní Allen Avenue. Owó oṣù náà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́yà Adégòkè ló ni ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n Bàbá Ṣónúgà ló ń darí rẹ̀. Òun ni olórí akọ̀wé. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń funfun báláú, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Lọ́yà fúnra rẹ̀ a máa rìn jẹ́jẹ́ bó bá ń kọjá níwájú tábìlì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí bàbá náà kọ́kọ́ bá mi sọ ni pé, "Fọlákẹ́, ṣé o máa ń kánjú?" Mo ní rárá sà. Ó ní, "O ń purọ́. Jókòó."

Ó mú aṣọ ìnujú kan, ó tẹ́ ẹ bo ọwọ́ mi àti ojú táípúráítà, ó ní kí n máa tẹ̀. Bí mo bá ti fẹ́ yọjú wo ìka mi, yóò fi rúlà gbá etí tábìlì. Ojú ìwé kan náà ni mo ń tẹ̀ láràárọ̀ títí ó fi sú mi, títí ó tún fi wá dùn mọ́ mi. Láyé ìgbà náà, a máa ń fi kábọ́ọ̀nù há àárín ìwé kí ẹ̀dà mẹ́rin lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni ọ̀gá máa ń yẹ̀ wò. Bàbá Ṣónúgà kì í wojú ìyẹn rárá. Èyí tó kẹ́yìn, tó ṣú bàìbàì, ni yóò gbé sún mọ́ fèrèsé.

"Ta ló sọ fún ẹ pé èyí tó dáa jù ló máa bọ́ sọ́wọ́ adájọ́?" Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn nígbà gbogbo. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá hàn nínú ẹ̀dà ìkẹyìn, gbogbo rẹ̀ ni mo máa tún tẹ̀.

Ó ní òfin mìíràn tí mo torí rẹ̀ bú u nínú ikùn mi lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹni tí kò mọ̀wé kà bá fẹ́ tẹ̀ka sí ìwé ìbúra, Bàbá yóò ka gbogbo ìwé náà fún un ní Yorùbá, ẹni náà yóò sì tún un sọ padà lẹ́nu ara rẹ̀. Bí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, ìwé la máa yí padà. Ẹ ò mọ iye ìwé tí mo tún tẹ̀ torí pé ìyá arúgbó kan ní, "Mi ò sọ ọ́ báyẹn o."

Ṣùgbọ́n èyí tó ni mí lára jù ni ti ẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé ni pé bí àgbà bá ti bínú, kí n kúnlẹ̀, kí n bẹ̀ ẹ́, ká tó wá mọ ohun tó fà á. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá Ṣónúgà pè mí pẹ̀lú ohùn líle, eékún mi ti kanlẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ má bínú sà."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò mọ̀ sà."

"O ò mọ ohun tó o ṣe, kí lo wá ń bẹ̀ mí fún? Dìde. Nínú ọ́fíìsì yìí, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣe. Bí o kò bá ṣe nǹkan kan, dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ."

Mo rò pé ìgbéraga ni. Mo sọ fún ìyá mi nílé pé ọkùnrin náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó pẹ́ kí n tó lè dúró níwájú rẹ̀ láìkúnlẹ̀, tí mo bá sì délé, mo tún ní láti rántí pé ilé kì í ṣe ọ́fíìsì.

Nígbà tí SAP dé, ìyẹn ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀, ohun gbogbo gbówó lórí. Ríbọ́ọ̀nù táípúráítà tí à ń jù nù tẹ́lẹ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i sódì, ó ń kùn ún ní íǹkì. Kábọ́ọ̀nù yóò gbó títí a ó fi máa rí òdìkejì láti ara rẹ̀. Àwọn fákítìrì tó wà láti Ìkẹjà títí dé Agége ń dá òṣìṣẹ́ dúró, àwọn mìíràn sì ti géètì pa pátápátá. Ẹni tó bá ṣì níṣẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú ni, torí àwọn tó fẹ́ gbà á ti wà níta láti ìdájí.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ti irinṣẹ́, kí n lè ráyè sọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni táípúráítà oníná dé, bí ó bá ti ń kùn, àyà mi á máa já. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà. Bàbá Ṣónúgà ti fẹ̀yìntì nígbà náà, èmi ni mo ti wà lórí àga rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dára. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé táípúráítà padà wá bá mi. Ohun kan tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé a lè pa àṣìṣe rẹ́ débi pé ẹni tó ṣe é gan-an kò ní rántí pé òun ṣe é. Nígbà tiwa, bí àṣìṣe bá wọlé, wàá jókòó tì í. Ìgbà kábọ́ọ̀nù yẹn náà ni ẹjọ́ Sàlámì bọ́ sí.

Obìnrin kan ló gun àtẹ̀gùn wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Múlíkà lorúkọ tó sọ fún wa. Ó ní ọkọ òun, Sàlámì, wà lẹ́wọ̀n. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkùnrin náà, ìdí ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́ ní fákítìrì aláṣọ kan lápá Agége.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ìgbà náà láyé lè má mọ̀. Lábẹ́ ìjọba ológun, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ọjọ́ ìmọ́tótó. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ máa rìn lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ náà títí di aago mẹ́wàá; kí oníkálukú gbá iwájú ilé rẹ̀. Àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ní fákítìrì kò lè lọ sílé, nítorí náà wọ́n á máa gbá iwájú géètì, wọ́n á máa kó gọ́tà. Ohun tí Sàlámì ń ṣe nìyẹn tí ọkọ̀ àwọn sójà fi dúró. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ dàgbà jù ú lọ. Sàlámì ju ìgbálẹ̀ sínú gọ́tà, torí èèyàn kì í mú ìgbálẹ̀ dání kí àgbà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Nígbà tó máa dìde, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì wà lójú títì. Wọ́n ní kó gun ọkọ̀.

Ilé ẹjọ́ alágbèéká kan ló gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yẹn kan náà. Wọ́n ka ẹ̀sùn fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, pé ó ń rìn ní àsìkò tí kò yẹ, ó sì tún tàpá sí àṣẹ. Kò sí ògbufọ̀ níbẹ̀. Sàlámì tún dọ̀bálẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà pé òun jẹ̀bi. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, kò sí owó ìtanràn.

"Ṣé ọkọ yín sọ pé àwọn jẹ̀bi?" Lọ́yà Adégòkè bi obìnrin náà.

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ sà. Mo lọ bi wọ́n lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ná, káwọn tó wá máa ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa fi dìde, ẹjọ́ ti tán."

Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí táípúráítà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú eegun. Ọkùnrin náà ṣì ń múra àtisọ̀rọ̀ ni, wọ́n ti ṣe ẹjọ́ rẹ̀ tán.

Bàbá Ṣónúgà ní, "Lọ́yà, kí ló dé tí a ò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?"

"Kó tó kàn wá, bàbá, ó ti lo oṣù mẹ́fà rẹ̀ tán. Ọ̀nà mìíràn la máa gbà." Ó yíjú sí Ìyá Múlíkà. "Ilẹ̀kùn méjì ni, ìyá. Ti àkọ́kọ́, a máa bẹ adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga pé kó fún wa láyè láti gbé ìdájọ́ yìí wá síwájú ẹ̀. Kò ní bi wá bóyá ọkọ yín jẹ̀bi. Ohun tó máa wò ni bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ ní yíyẹ̀ wò. Ṣé wọ́n gbọ́ tẹnu ọkọ yín? Ṣé wọ́n ṣe é bí òfin ṣe ní kí wọ́n ṣe é? Ṣé ẹni tó fara gbá a ló ń ké, ṣé kò sì pẹ́ jù kó tó ké? Ìjọba ò tiẹ̀ ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwa nìkan ni. Tí adájọ́ bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ìgbà yẹn la tó máa pe ìjọba, ká jọ lọ sí èkejì, níbi tó ti lè fagi lé ìdájọ́ náà."

"Tí kò bá wá ṣí i ńkọ́ sà?"

"Ó parí síbẹ̀ nìyẹn."

Obìnrin náà tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n. Ó ní, "Fákítìrì ní àwọn ò lè fi ẹ̀rọ wọn sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n ní tó bá ti pẹ́ díẹ̀ sí i, àwọn máa fi ẹlòmíì síbẹ̀."

Òun ló máa búra lórúkọ ọkọ rẹ̀, nítorí náà Lọ́yà kọ ọ̀rọ̀ náà, mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá sì kà á fún un bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ìwé ti sọ pé Sàlámì tọrọ àforíjì, ó dá Bàbá dúró.

"Àforíjì kọ́ o, sà. Kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n á fi tọrọ àforíjì? Wọ́n bu ọ̀wọ̀ fún ilé ẹjọ́ ni."

Bàbá kò wo Lọ́yà, èmi ló wò. "Fọlákẹ́, tún un tẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà, Lọ́yà mú obìnrin náà jókòó, ó ń kọ́ ọ bí ọmọ iléèwé. Bóyá adájọ́ kò ní bi í ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá bi í, kó dìde, kó dúró gírí, kó dáhùn ohun tí wọ́n bi í nìkan. "Ẹ ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ o, ìyá. Ẹ ò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀. Ohun tó fi ọkọ yín sẹ́wọ̀n nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá bẹ adájọ́, á ní ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó jẹ̀bi." Ó ní òun ti gbọ́. Bàbá Ṣónúgà ní kó dìde dúró ká rí i. Ó dìde, ó dúró, a sì gbà pé ó dáa.

Èmi àti Bàbá jókòó sí ẹ̀yìn nínú kọ́ọ̀tù, mo gbé fáìlì lé itan. Adájọ́ náà ti dàgbà, ó rọra ń sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń sọ. Lọ́yà rojọ́ dáadáa. Adájọ́ tẹ́tí sí i títí, lẹ́yìn náà ló gbé ìwé ilé ẹjọ́ alágbèéká sókè. Ó ní, "Lọ́yà, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọkùnrin yìí gbà pé òun jẹ̀bi, ó sì bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ti gbà, kí ló kù tí mo fẹ́ yẹ̀ wò?"

Lọ́yà ní ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe gbígbà. Adájọ́ mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí tí kò sì wọ̀ ọ́ létí. Ó bèèrè bóyá ẹni tó búra wà ní kọ́ọ̀tù.

Ìyá Múlíkà dìde. Ògbufọ̀ bọ́ síwájú láti bi í bóyá òun ló tẹ̀ka sí ìwé náà. Kò tíì la ẹnu tí obìnrin náà gbójú sókè, tó rí adájọ́ lórí àga gíga yẹn, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀. Ó kan eékún méjèèjì mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, olúwa mi. Ẹ má bínú."

Mo rí i tí èjìká Lọ́yà wálẹ̀. Mo ní ó tán, a ti fi ọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn náà pa, ọkùnrin yẹn máa pé oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ògbufọ̀ fẹ́ máa túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ na ọwọ́ dá a dúró, ó sì gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Yorùbá ló fi bá obìnrin náà sọ̀rọ̀.

"Kí lẹ ṣe?"

Bàbá Ṣónúgà ta gìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Mi ò ṣe nǹkan kan, olúwa mi."

"Kí lẹ wá ń bẹ̀ mí fún?"

Obìnrin náà wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀, olúwa mi. Èmi ni mo wá bá yín. Ṣé mo kàn lè nàró ganganran kí n máa wò yín lójú, kí n máa bá yín rojọ́?"

"Ṣé bí ọkọ yín náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

"Tiwọn ju tèmi lọ, olúwa mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín nínú kọ́ọ̀tù. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí obìnrin náà dìde, ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ó sì ń kọ̀wé, ó ń kọ̀wé. Nígbà tó gbórí sókè, ó ní òun kò sọ pé Sàlámì kò jẹ̀bi, ìyẹn kò tíì kan òun lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ó lè jẹ́ pé ẹnì kan wà lẹ́wọ̀n torí pé ó bọ̀wọ̀ fún ilé ẹjọ́ kó tó sọ̀rọ̀, tí ilé ẹjọ́ kò sì dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ ní yíyẹ̀ wò. Ó fún wa láyè. Ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà máa tilé wá jẹ́jọ́, bí a bá ti rí onídùúró.

Níta, Ìyá Múlíkà di aṣọ Lọ́yà mú. "Ṣé mo bà á jẹ́ ni, sà?" Bàbá Ṣónúgà ló yọ awò ojú rẹ̀, tó ń nù ún ṣáá. Ó ní, "Ẹ ò bà á jẹ́." Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò sì bò ó mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti ilẹ̀kùn kejì kò gba ariwo púpọ̀. Ìjọba rán agbẹjọ́rò wá, kò rí ohun gidi kan sọ, adájọ́ sì fagi lé ìdájọ́ náà. Èmi ni mo tẹ ìwé tó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá gbé ẹ̀dà ìkẹyìn sún mọ́ fèrèsé, ó hàn ketekete.

Nítorí náà, ọmọ àbúrò mi, bí o bá fẹ́ irú iṣẹ́ yìí, wá. Ìjókòó á sú ẹ, ẹ̀yìn á máa dùn ẹ́, kò sì sẹ́ni tó máa dárúkọ ẹ nígbà tí ẹjọ́ bá dáa. Ṣùgbọ́n wàá rí ibi tí ayé èèyàn ti ń yí padà, wàá sì wà níbẹ̀. Má retí pé ohun gbogbo ló máa padà sípò o. Ìyẹn ni mo fẹ́ fi parí.

Sàlámì àti ìyàwó rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa lẹ́yìn ìdájọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkùnrin náà máa gun àtẹ̀gùn wa nìyẹn. Ó ti rù, ẹ̀wù rẹ̀ sì ti tóbi jù ú. Ìyá Múlíkà ti kúnlẹ̀ kó tó wọlé tán. Sàlámì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kí wa lórí ìdúró.

Ìyàwó rẹ̀ rọra sọ fún un pé, "Bàbá Múlíkà, ẹ kí wọn dáadáa."

Ó tẹ orúnkún. Ó dé ìdajì, ó dúró, ó sì tún nàró. Ojú tì í. Ó ní, "Ara mi ò gbà á mọ́ ni, sà."

Bàbá Ṣónúgà ní kò sí wàhálà. Ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ fákítìrì.

"Wọ́n ti fi ẹlòmíì síbẹ̀ sà. Wọ́n ní tí àyè bá tún ṣí sílẹ̀."

Gbogbo wa mọ̀ pé àyè kì í ṣí sílẹ̀ nígbà náà. Mo fa àga kan jáde fún un, kò jókòó. Bàbá Ṣónúgà ti tábìlì rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó dìde. Kì í dìde fún oníbàárà. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni rí, títí kan Lọ́yà. Ó rìn lọ bá Sàlámì, tó ṣeé bí lọ́mọ, ó sì dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Sàlámì," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Mo ń retí kí ẹnì kan bi í pé kí ló ṣe. Kò sẹ́ni tó bi í. Sàlámì na ọwọ́ méjèèjì, ó di ọwọ́ Bàbá mú, wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì lórí ìdúró.